Wáàtì orí páálí kì í lu ìlù: Ohun tí ń jó sípíkà mọ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ àríyá

Sátidé ni ọjọ́ tí ìgbéyàwó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Sátidé náà sì ni sípíkà ń kú jù. Ẹbí ọkọ ti jókòó, ẹbí ìyàwó ti jókòó, tọkọtaya tuntun ti dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ń dúró de orin tí wọn yóò fi jó wọlé. Díjéè fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ. Orin bẹ̀rẹ̀, ó dún, ó sì dùn, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ti ń tẹ̀ sílẹ̀ fún ijó. Lójijì, ohùn tín-ín-rín inú orin náà pòórá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sí mọ́, ohùn olórin sì dà bí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ibùsùn. Díjéè yí ohùn sókè sí i, kí ó lè fi ariwo bo àléébù náà mọ́lẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i tí òórùn wáyà jíjó fi gba gbogbo gbọ̀ngàn, tí ohun gbogbo sì pa lọ́lọ́. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi sin ìyàwó dé ìjókòó rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé iná ni ó fà á. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ẹ̀rọ náà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, tí ó tún yá owó lé e lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, yóò máa búra pé ẹ̀rọ òun tóbi ju iṣẹ́ tí òun gbé fún un lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára páálí: 5,000 wáàtì ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, wọ́n tún ya àwòrán iná tí ń jó wòwò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí yẹn gan-an ni ó pa á lẹ́kún.

Ìṣòro yíyàn kò sí nígbà tí àpótí ohùn kọ́kọ́ wọ ilé àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Ẹni tí ó gbà á kò yan ohun tí yóò gbọ́, kò sì yan ẹ̀rọ, owó oṣù nìkan ni ó ń san. Nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni Yorùbá ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lónìí, ẹni tí ó bá wọ ọjà Àlàbà ní Ọjọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò bá sípíkà tí wọ́n tò léra wọn bí ilé alájà mẹ́ta. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ontajà kọ̀ọ̀kan sì ń fi tirẹ̀ bo ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú ariwo yẹn ni oníbàárà ti ń pinnu bí yóò ṣe ná owó ọdún kan.

Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Ohun ìjìnlẹ̀ kọ́. Bí sípíkà ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì kan, Chester Rice àti Edward Kellogg, ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé ní 1925. Wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n wé róbótó, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí bébà tí a ṣe bí àrọ, tí wọ́n sì rì bọ àárín irin òòfà. Áńpílífáyà, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, ni ó ń rán iná sí wáyà náà. Bí iná bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni wáyà ń jáde tí ó ń wọlé. Bébà ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń kan etí. Ohun tí ontajà kì í sọ ni pé nínú 100 wáàtì tí ó bá wọ sípíkà inú ilé, èyí tí ó ń di ohùn kì í sábà tó 1. Gbogbo ìyókù ń di ooru lára wáyà tín-ín-rín yẹn. Àdògán ni sípíkà jẹ́ kí ó tó di ohun èlò orin.

Wáàtì, nígbà náà, kì í ṣe òṣùwọ̀n ariwo. Òṣùwọ̀n agbára iná ni. Ọ̀nà tí òótọ́ wà nínú rẹ̀ láti fi wọn áńpílífáyà ni kí wọ́n wo iye tí ó lè gbé jáde láìdáwọ́ dúró, tí ohùn kò sì ní dàrú. Òun ni wọ́n sábà máa ń kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kejì ni èyí tí wọ́n ń kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun sì ni baba irọ́. Kò sí ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹlòmíràn a mú agbára tí ẹ̀rọ lè tú jáde láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó ìpajú, a fi iye sípíkà tí ó wà níbẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a sì tún fi díẹ̀ lé e. Ó dà bí kí alágbàdo wọn hóró pẹ̀lú ṣúkù, háhá àti apẹ̀rẹ̀, kí ó sì gba owó hóró lórí gbogbo rẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Aláwọ̀-dúdú nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó òwò fi ṣe òfin ní 1974 nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wọn agbára áńpílífáyà inú ilé kí wọ́n tó polówó rẹ̀. Ní 2024, wọ́n tún òfin náà ṣe, kí iye tí ilé-iṣẹ́ kan kọ lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó dúró sí Àlàbà kò ní òfin yẹn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ojú. Kí ó yí ẹ̀rọ náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òun. Níbi tí wáyà iná ti wọlé ni wọ́n máa ń kọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn aláyẹ̀wò ń wò, irọ́ sì ṣòro láti pa síbẹ̀. Bí páálí bá pariwo 3,000 wáàtì, tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sì jẹ́wọ́ pé 60 wáàtì ni òun ń jẹ, ẹ̀yìn ni kí ó gbà gbọ́. Ẹ̀rọ kan kò lè jẹ gààrí ago kan kí ó pọn omi ìlú. Òótọ́ ni pé ó lè fi agbára díẹ̀ pamọ́, kí ó sì tú u jáde wàrà nígbà tí ìlù bá dún ní ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn, fíúsì ṣì wà níbẹ̀. Fíúsì ámúpù 2 lórí iná 230 fólítì kò lè jẹ́ kí ohun tí ó ju nǹkan bí 460 wáàtì lọ kọjá fún ìgbà pípẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ síwájú.

Bí wáàtì bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò tíì tán. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìlọ́po méjì wáàtì bí ìlọ́po méjì ariwo. Ẹni tí ó kúrò lórí 100 wáàtì bọ́ sí 200 fi kìkì dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 kún ohùn rẹ̀; ìyàtọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Kí ohùn tó dún bí ìlọ́po méjì létí, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí èyí ni nọ́ńbà kan tí kò sí ẹni tí í ka tirẹ̀ sí fi ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ: iye dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì tí sípíkà lè mú jáde bí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1 péré, tí wọ́n sì gbọ́ ọ láti mítà 1. Ọ̀pọ̀ sípíkà inú ilé wà ní nǹkan bí 88. Sípíkà òde àríyá tí ó dára lè tó 97 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 9 ni ó wà láàárín méjèèjì, ìyẹn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ agbára. Ohun tí sípíkà kìn-ín-ní yóò fi 800 wáàtì ṣe, bí kò bá kọ́kọ́ jóná, èkejì yóò fi 100 ṣe é.

Ní báyìí, ohun tí ó pa sípíkà ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé áńpílífáyà ńlá ni í jó sípíkà, nítorí náà wọ́n a ra kékeré kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Áńpílífáyà ní òkè tí ó ga dé, bí orí ẹni tí ó ga ṣe máa ń kan àjà. Bí orin bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ a gé orí rẹ̀ kúrò. Ohùn tí ó yẹ kí ó gùn lọ kí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí òkè a wá di pẹlẹbẹ lókè bí orí tábìlì. Ohun méjì ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Èkíní ni pé áńpílífáyà wáàtì 100 tí wọ́n bá tì kọjá agbára rẹ̀ báyìí lè máa tú ohun tí ó súnmọ́ 200 sínú sípíkà. Èkejì ni pé orí tí wọ́n gé yẹn a máa bí àwọn ohùn òkè tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nyí a sì gba ọ̀dọ̀ tuwítà lọ, ìyẹn sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tín-ín-rín, tí wáyà rẹ̀ kò nípọn ju irun lọ. Òun ni ó kọ́kọ́ ń kú. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ parẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, tuwítà ti lọ. Nígbà tí díjéè wá yí ohùn sókè, wúfà ńlá ni ó ń sìn lọ sí ibojì.

Èyí ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ohùn fi máa ń sọ pé kí agbára òótọ́ áńpílífáyà òde àríyá ju agbára àìdáwọ́dúró sípíkà lọ, kí ó fi ìdajì jù ú tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ẹni tí ń lò ó sì ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó le jù. Iná pupa kékeré tí ń tàn lójú áńpílífáyà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé orí orin ti ń kan àjà. Bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìlù ńlá bá dún, kò burú. Bí ó bá tàn tí kò kú mọ́, sípíkà ti ń sè lọ́wọ́. Ohun kan náà ni ti iná pupa orí ẹ̀rọ tí díjéè fi ń da orin pọ̀: orin tí ó bá ti dàrú níbẹ̀, kò sí áńpílífáyà ńlá tí ó lè tún un ṣe mọ́.

Óòmù tún wà, tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Sípíkà òde sábà máa ń jẹ́ óòmù 8 tàbí 4. Bí wọ́n bá so sípíkà óòmù 8 méjì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan áńpílífáyà bí gbogbo ènìyàn ṣe ń so ó, ó di 4; mẹ́rin rẹ̀ di 2. Bí óòmù bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni áńpílífáyà ń ṣiṣẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì kọ sí lẹ́yìn pé kí ó má ṣe kéré ju 4 lọ. Ọjọ́ tí òde ńlá bá dé, tí díjéè yá sípíkà ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, tí ó so gbogbo wọn mọ́ áńpílífáyà kan ṣoṣo, ni ẹ̀rọ máa ń gbóná janjan tí ó sì ń pa ara rẹ̀. Olóde a rò pé iná lọ.

Ẹni tí ilé nìkan ni ó ti fẹ́ gbọ́ orin kò nílò èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo wàhálà yìí. Nínú pálọ̀ tí kò tóbi, sípíkà 88 tí ó gba wáàtì 1 ti dún tó láti dí ìjíròrò lọ́wọ́. Áńpílífáyà tí ó ní 30 tàbí 50 wáàtì òótọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ó jẹ, ó tó ó ṣẹ́kù. Ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ náwó sí ni sípíkà tí ohùn àárín rẹ̀ mọ́. Àárín yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, àárín yẹn ni gángan ti ń sọ̀rọ̀. Orin jùjú àti fújì kì í ṣe ariwo lásán. Oríkì ẹni wà nínú rẹ̀, òwe wà nínú rẹ̀, onílù sì ń fi ọ̀pá sọ ohun tí olórin fi ẹnu sọ. Sípíkà tí béèsì rẹ̀ ń mi fèrèsé, ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò gbọ́ ohun tí ìlù wí nínú rẹ̀, ti gba owó ẹni lásán, bí ó ti wù kí iná aláwọ̀ mèremère tí ń tàn lójú rẹ̀ pọ̀ tó.

Pálọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdajì ẹ̀rọ. Ògiri bíríkì, ilẹ̀ táìsì, òrùlé tí kò ga: ohùn a máa ta láti ara ọ̀kan sí èkejì títí tí yóò fi dàrú. Kọ́tìnì tí ó nípọn, àga ìrọ̀gbọ̀kú àti ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe ju áńpílífáyà tuntun lọ. Sípíkà tí wọ́n tì mọ́ kọ̀rọ̀ a máa wú béèsì sókè. Bí wọ́n bá fà á kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì gbé tuwítà rẹ̀ dé ìwọ̀n etí ẹni tí ó jókòó, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ra òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni èyí. Ó sì dára kí a mọ̀ pé etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa nígbà tí ohùn bá lọ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti fi èyí hàn láti 1933. Ìdí nìyẹn tí orin òru fi máa ń dà bí ẹni pé ó rù, kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ilé náà ni àwọn yóò máa gbé lọ sí òde. Ìtàn kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀rọ awo-orin tí ó lókìkí jù láàárín àwọn díjéè gbogbo ayé, Technics SL-1200 ti ilẹ̀ Japan, kì í ṣe nítorí wọn ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ó jáde ní 1972, ẹ̀rọ ilé ni. Agbára tí mọ́tò rẹ̀ fi ń yí awo ní tààrà, láìlo bẹ́líìtì, ni àwọn díjéè rí tí wọ́n fi gbà á mọ́ onílé lọ́wọ́. Èyí tí ó jáde ní 1979 ni wọ́n wá lò jù. Ilé-iṣẹ́ náà dá a dúró ní 2010, wọ́n sì tún gbé e padà ní 2016. Ẹ̀rọ awo-orin rin ìrìnàjò yẹn láti ilé dé òde, kò sì kú sọ́nà. Sípíkà kì í rìn bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé òde kò ní ògiri. Lábẹ́ kánọ́pì ní àárín àdúgbò, bí ènìyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí sípíkà, ohùn a dín ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6. Sípíkà 97 tí ó gba 500 wáàtì òótọ́ yóò mú nǹkan bí 124 jáde ní mítà 1. Nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jókòó ní mítà 16, ó ti di 100. Ó ṣì tó jó. Sípíkà 88 tí ó gba wáàtì kan náà, bí ó bá lè gbà á, yóò dé ibẹ̀ ní 91, pẹ̀lú ariwo àlejò àti ti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa bá a jà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń lọ síbi bọ́tìnnì, ibẹ̀ sì ni iná pupa ti ń tàn.

Fún díjéè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, sípíkà tí áńpílífáyà rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà ni ó dẹrùn jù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi agbára wé agbára. Èyí tí ó dára nínú wọn a tún ní ohun tí yóò dá orin lẹ́kun kí ó tó kan àjà. Àbùkù rẹ̀ ni pé sípíkà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà iná tirẹ̀, bí áńpílífáyà inú rẹ̀ bá sì kú, sípíkà náà di àpótí òfìfo títí tí wọn yóò fi rí ẹni tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ra áńpílífáyà lọ́tọ̀ lè yá òmíràn ní òru ọjọ́ kan náà.

Kápẹ́ńtà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ díjéè ni ó ń ra wúfà lọ́tọ̀ tí wọ́n sì ń kan àpótí fún un nílé. Ọgbọ́n tí ó dára ni, owó rẹ̀ sì dínkù, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n àpótí náà bá wúfà mu. Láti ìgbà iṣẹ́ Neville Thiele ní Australia ní 1961, àti ti Richard Small tí ó tẹ̀ lé e, ni ìṣirò ti wà tí a fi ń mọ bí àpótí yóò ṣe tóbi tó àti bí ihò iwájú rẹ̀ yóò ṣe gùn tó fún wúfà kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tí ó tọ́ a máa tẹ iye wọ̀nyí sí ìwé tí ó bá wúfà wá. Kápẹ́ńtà tí ó fi ojú wo àpótí ẹlòmíràn kàn wọ aṣọ ẹni gíga fún ẹni kúkúrú ni. Béèsì yóò máa dún bòm-bòm lórí ohùn kan ṣoṣo, bébà wúfà yóò sì máa jáde kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé, títí tí yóò fi ya.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò, iná tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti gba orúkọ mìíràn ní 2005, tí wọ́n sì ti pín in fún àwọn aládàáni ní 2013. Iná tí ó yẹ kí ó jẹ́ 230 fólítì lè lọ sílẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì padà wá pẹ̀lú agbára tí ń jó nǹkan. Sìtébíláísà kì í ṣe àṣejù fún ẹ̀rọ tí ènìyàn fi owó àjọ rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé sọ ní “I better pass my neighbour” lè gbé rédíò, fáànù àti gílóòbù, ṣùgbọ́n kò lè gbé òde. Àmì rẹ̀ kò ṣòro rí: bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ìlù ńlá bá dún, áńpílífáyà ń béèrè ohun tí jẹnẹrétọ̀ kò ní, ohùn sì ti ń gé lórí kí díjéè tó mọ̀. Áńpílífáyà ayé òde òní tí wọ́n ń pè ní kíláàsì D fúyẹ́, kì í sì í fi iná ṣòfò bíi ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá ń ra epo fúnra rẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ náà.

Tòkunbọ̀ ṣì ni ìrètí ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì burú, nítorí pé áńpílífáyà àtijọ́ tí ó wúwo bí òkúta sábà máa ń sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n kí olùrà wo ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120 fólítì, ti Japan 100. Bí wọ́n bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìsí ẹ̀rọ tí yóò dín iná náà kù, èéfín ni yóò fi dáhùn. Ní ti sípíkà, kí ó fi ìka kan etí bébà níbi tí fóòmù yí i ká. Fóòmù tí ó ti gbó a máa rún bí àkàrà àná. Kí ó fi ìka mẹ́rin rọra ti bébà náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì dẹ etí: bí ó bá ń ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, wáyà inú rẹ̀ ti jó tàbí ó ti wọ́. Níkẹyìn, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi wáyà méjì kan ìdí wúfà lẹ́sẹ̀kan, bébà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò díẹ̀ kí ó sì dún pọ́ọ̀. Bí kò bá mira, òkú ni wọ́n ń tà.

Etí díjéè náà jẹ́ irin iṣẹ́, òun nìkan sì ni kò ní tòkunbọ̀. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gbà pé ènìyàn lè ṣiṣẹ́ nínú ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8, àti pé bí 3 bá ti ń gorí rẹ̀ ni àkókò náà ń dínkù sí ìdajì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ohùn ní ilé ijó àti òde eré má ṣe ju 100 lọ ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí ó ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ sípíkà láti ọ̀sán títí di ìdájí ní gbogbo Sátidé kò gbọdọ̀ máa lọ láìfi nǹkan dí etí. Ti aládùúgbò tún wà níbẹ̀. Ní Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń mójú tó àyíká, LASEPA, ti ti ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa nítorí ariwo.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ra ẹ̀rọ, kí ó mú orin tí ó mọ̀ bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀ dání, kì í ṣe èyí tí ontajà yàn. Orin ontajà ti la ìdánwò kọjá lórí sípíkà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ó gbé ohùn náà sílẹ̀ kí ó tó gbé e sókè. Kí ó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ, kí ó tẹ́tí sí gángan, kí ó gbọ́ bóyá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀ lára igbá tàbí bí iyanrìn nínú agolo. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí wọ́n pa á, kí ó sì yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà láti ka àkọlé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ontajà yóò ti bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnjiníà ni yín ni?” Kò pọn dandan kí ó dáhùn. Ontajà náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, yóò sì gbé òmíràn jáde láti ẹ̀yìn, nínú páálí tí kò ní àwòrán iná kankan lára.